Bí A Ṣe Lè Fi Ọjọ́ Kan Wo Èkó Àtijọ́ Láti Ibùdó Rélùwéè Marina

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé Èkó ló mọ Erékùṣù Èkó sí ibi tí a ti ń ra ọjà ní Balógun, tàbí ibi tí a ti ń jókòó sí ọ́fíìsì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí a sì ń sáré kúrò níbẹ̀ kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ má baà há wa mọ́ orí afárá. Nítorí ìyà ọ̀nà yìí, àwọn èèyàn wà tí wọ́n ti lo ogún ọdún ní Agége tàbí ní Fẹ́sítáàkì tí wọn kò tíì fi ojú kan inú mùsíọ́ọ̀mù Oníkàn rí, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọmọ wọn ń ka ìtàn ohun tó wà níbẹ̀ nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Mile 2 àti Marina, àwáwí yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá jí ní kùtùkùtù lè dé Marina kí oòrùn tó mú, kó fi ẹsẹ̀ rìn ká ibi mẹ́fà tàbí méje tó ní ìtàn nínú, kó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ: ibi tó jìnnà jù sí ibùdó ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ wá máa rìn padà sọ́dọ̀ ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń ṣe òdìkejì rẹ̀. Wọ́n á bọ́ sílẹ̀ ní Marina, wọ́n á kó sínú èrò Balógun, wọ́n á ra bàtà, wọ́n á jẹun, nígbà tí wọ́n bá sì fi máa dé Oníkàn, ẹsẹ̀ á ti wú, ojú á ti rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù á sì ti máa wo aago. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń fẹ́ ojú tí kò tíì rẹ̀, òpópónà kò fẹ́ ju ẹsẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tó dára àti ohun tí a ó mú dání

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀ ni mo fara mọ́ jù. Ní ọjọ́ Jímọ̀, láti nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, àwọn olùjọ́sìn á ti kún àyíká Mọ́ṣáláṣí Gbogbogbòò àti mọ́ṣáláṣí Ṣítà-Bey, ọ̀nà á sì dí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta rọrùn fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, àmọ́ ọjọ́ náà gan-an ni gbogbo Èkó máa ń jáde wá ra aṣọ àríyá. Ọjọ́ Àìkú ní ẹwà tirẹ̀, nítorí pé òpópónà Broad Street máa ń dákẹ́ débi pé ẹ lè dúró láàárín rẹ̀ kí ẹ máa wo òkè àwọn ilé láìsí pé ọlọ́kọ̀ kankan ń fọn fèrè mọ́ yín lórí. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibi tí ẹ fẹ́ lọ máa ṣí, kí ẹ sì wo àkókò ọkọ̀ lójú ìwé LAMATA, àjọ tó ń bójú tó ètò ìrìnnà ní Èkó, kí ẹ tó kúrò nílé. Láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Keje tí òjò máa ń rọ̀ jù, omi a máa dúró sójú títì ní ọ̀pọ̀ ibi ní Erékùṣù Èkó, nítorí náà bàtà tí kò ní bàjẹ́ nínú omi ni kí ẹ wọ̀.

Ẹ mú owó ṣẹ́ńjì dání, torí pé ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni a ti ń gba owó ìwọlé lẹ́nu ọ̀nà, iye rẹ̀ sì máa ń yí padà. Omi mímu ṣe pàtàkì, fìlà tàbí agbòòrùn náà ṣe pàtàkì. Kí àwọn obìnrin mú gèlè tàbí ìborùn kan sínú báàgì nítorí mọ́ṣáláṣí. Bí ẹ bá ń mú bàbá tàbí ìyá àgbà dání, ẹ má ṣe gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ rin gbogbo rẹ̀ tán ní ọjọ́ kan, nítorí ojú ọ̀nà tí a ṣe fún ẹlẹ́sẹ̀ kò pé ní gbogbo ibi, àwọn ibòmíràn sì wà tí àwọn oníṣòwò ti tẹ́ ọjà bò ó mọ́lẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ojú irin

Ibùdó márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà Blue Line báyìí: Mile 2, Suru-Alaba, Orílé, National Theatre àti Marina. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 13, ìrìn náà kì í sì í pé ìdajì wákàtí. Káàdì Cowry ni a fi ń wọlé, òun kan náà ni a fi ń wọ bọ́ọ̀sì BRT. Ẹ máa rí i rà ní ibùdó, ẹ ó sì fi owó sínú rẹ̀. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀, nítorí pé ẹ máa fi kàn án lára ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń wọlé, ẹ ó tún fi kàn án nígbà tí ẹ bá ń jáde. Ẹni tó bá ń ti apá Agbádó, Ìjú tàbí Agége bọ̀ lè wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, títí dé Ọyìngbò, kó sì wọ bọ́ọ̀sì láti ibẹ̀ dé CMS.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ní ọmọ kékeré: iná mànàmáná ni ọkọ̀ Blue Line ń lò, irin kẹta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin méjèèjì tí táyà ń gùn ni iná náà sì ń gbà kọjá. Bí fìlà ọmọ bá já bọ́ sójú irin, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ pe òṣìṣẹ́ ibùdó. Ẹ má ṣe sọ̀kalẹ̀ lọ mú un, bó ti wù kó rí.

Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní National Theatre, ẹ gbé fóònù tì. Ọkọ̀ máa gun afárá, ọ̀sà á sì ṣí sílẹ̀ níwájú yín pẹ̀lú èbúté Àpápá àti àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá, títí tí àwọn ilé gogoro Marina á fi yọ. Ó kéré tán, láti ojú ọ̀sà báyìí ni ọ̀pọ̀ àlejò ayé àtijọ́ ṣe kọ́kọ́ rí Èkó, kì í ṣe láti ẹ̀yìn Third Mainland.

Láti Marina dé Oníkàn

Nígbà tí ẹ bá jáde ní ibùdó, ẹ kọjú sí apá ibi tí oòrùn ti ń yọ, kí ọ̀sà wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, kí àwọn ilé báǹkì sì wà lọ́wọ́ òsì. Apọ́ngbọ̀n ni ẹ kọ ẹ̀yìn sí yẹn. Orúkọ náà kì í ṣe ti Yorùbá kankan: William McCoskry, òyìnbó tó ṣe adelé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó nígbà tí wọ́n gba ìlú ní ọdún 1861, ló ní irùngbọ̀n pupa, àwọn ará Èkó kò sì wá orúkọ jìnnà fún un. CMS tí ẹ máa kàn níwájú jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń pè é lójoojúmọ́ nínú dánfó lè má mọ̀ ju ibùdókọ̀ lọ.

Láti ibẹ̀, ẹ lè wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Oníkàn tàbí Ọbáléńdé, tàbí kí ẹ pe táksì. Ẹni tó bá lágbára lè rìn ín ní nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ẹ má ṣe wá ọ̀kadà, nítorí ìjọba ìpínlẹ̀ ti fòfin dè é ní Erékùṣù Èkó láti ọdún 2022, ẹni tó gùn ún àti ẹni tó wà á ni wàhálà náà sì lè bá.

Mùsíọ́ọ̀mù Oníkàn, ìyẹn National Museum, ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀. Kenneth Murray, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tó dé Nàìjíríà ní ọdún 1927, ló jà fitafita pé kí ìjọba má ṣe jẹ́ kí àwọn oníṣòwò kó iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa lọ sí òkè òkun tán, ìjà náà ló sì bí ilé yìí ní ọdún 1957. Ilé náà kò ga, kò sì dán. Ẹni tó bá ti lọ sí mùsíọ́ọ̀mù òkè òkun lè kọ́kọ́ fajú ro nítorí iná tí kò mọ́lẹ̀ tó àti gíláàsì tó ti pẹ́, mi ò sì ní bá a jiyàn. Àmọ́ ohun tó wà nínú gíláàsì ni ẹ bá wá.

Ẹ gba olùtọ́nà kan, kí ẹ sì sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ kò kánjú, nítorí bí ẹ kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ó lè fi ogún ìṣẹ́jú sáré yí yín ká. Ẹ ní kó fi iṣẹ́ Nok hàn yín, ìyẹn àwọn ère amọ̀ sísun tó ti lé ní ẹgbàá ọdún. Ọ̀kan nínú àwọn ìṣúra ilé yìí ni orí Jẹ́máà, tí òṣìṣẹ́ ibi ìwakùsà kan fi ṣe orí aṣọ́komásùn nínú oko iṣu fún odidi ọdún kan, kí ẹnì kan tó mọ̀ ní ọdún 1943 pé ohun àtayébáyé ni. Mo máa ń fẹ́ràn láti sọ ìtàn yẹn fún ọmọdé kí a tó dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé orí náà ti lé ẹyẹ rí, wọn kì í kọjá lára rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi olùtọ́nà léèrè ohun tí wọ́n kó síta lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ Ifẹ̀ àti iṣẹ́ idẹ Igbó-Ùkwú, torí pé kì í ṣe gbogbo ohun tí mùsíọ́ọ̀mù ní ló máa ń wà níta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ti Ìbíní, ẹ fara balẹ̀. Ní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ya wọ ààfin Ọba Ovọ́nràmwẹ̀n, wọ́n dáná sun ìlú, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ idẹ àti eyín erin lọ, tí ó fọ́nká sí mùsíọ́ọ̀mù káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Nínú ọgbà mùsíọ́ọ̀mù Oníkàn yìí ni ayẹyẹ ti wáyé ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 nígbà tí orílẹ̀-èdè Netherlands dá 119 nínú wọn padà fún Nàìjíríà. Nítorí náà, bí ẹ bá dúró níwájú iṣẹ́ idẹ Ìbíní níbẹ̀, ẹ béèrè èyí tí kò kúrò nílé rí àti èyí tó ti àjò dé. Ìbéèrè yẹn nìkan lè mú olùtọ́nà tó mọṣẹ́ sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan.

Lẹ́yìn èyí ni mọ́tò. Mercedes dúdú tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976, nígbà tí àwọn ọmọ ogun tó fẹ́ gba ìjọba yìnbọn pa á, wà níbẹ̀ pẹ̀lú ihò ọta lára rẹ̀. Yàrá náà máa ń dákẹ́. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n gbọ́ ìròyìn náà lórí rédíò lọ́jọ́ náà máa ń fẹ́ dúró pẹ́ níbẹ̀, ẹ má ṣe kán wọn lójú. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó ya fọ́tò ohunkóhun nínú ilé.

Ilé kejì ní Oníkàn kò jìnnà rárá: John Randle Centre, ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn ẹni tó ni orúkọ náà. Dókítà John Randle jẹ́ ọmọ Sàró, ìyẹn ìran àwọn tó ti Sierra Leone padà wá, ó sì kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Edinburgh. Ó rí i pé omi ń gbé ọmọ Èkó lọ nítorí pé wọn kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, ó rọ ìjọba amúnisìn pé kí wọ́n ṣe odò ìwẹ̀ fún ará ìlú, wọ́n kọ̀, ó sì fi owó ara rẹ̀ ṣe é. Ọdún 1928 ni wọ́n parí rẹ̀, ọdún náà gan-an ni dókítà fúnra rẹ̀ sì kú. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé tuntun yìí, wọ́n tún odò ìwẹ̀ ṣe, Seun Oduwole tó yàwòrán ilé náà sì mú kí òrùlé rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bọ̀ wá sílẹ̀ pẹ̀lú koríko tútù lórí rẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ ló gbé ara rẹ̀ sókè. Nínú oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 kan náà ni Ààrẹ Buhari ṣí ilé yìí àti ojú irin tó gbé yín wá.

Bí mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ bá fi ohun hàn yín, èyí máa fi ìtumọ̀ hàn yín: ìtàn ìṣẹ̀dá láti Ifẹ̀, òrìṣà, orin, oúnjẹ àti aṣọ, pẹ̀lú ohùn àti àwòrán tó ń rìn. Èdè Yorùbá kò sá pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àkọlé níbẹ̀. Mo rọ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ka àkọlé Yorùbá sókè fún yín, pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹ máa mọ̀ níbẹ̀ bóyá owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ń san ń ṣiṣẹ́.

Ibi méjèèjì yìí tó wákàtí mẹ́ta, ẹ má sì ṣe fi díẹ̀ sí i láti rí òmíràn.

Ìrìn àbọ̀

Bí ẹ bá ti Oníkàn bọ̀, ẹ máa kọjá lára Pápá Tafawa Balewa. Ẹṣin funfun mẹ́rin àti ẹyẹ idì pupa méje ló wà lókè ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Pápá eré ẹṣin àwọn òyìnbó ni tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti fa àsíá Gẹ̀ẹ́sì wálẹ̀, tí wọ́n fa ti Nàìjíríà sókè nígbà òmìnira ọdún 1960. Kò sí ohun púpọ̀ láti wò níbẹ̀ lọ́jọ́ lásán. Ẹ ya fọ́tò, kí ẹ máa lọ. Àyàfi bí ó bá ṣe pé ọjọ́ Ẹ̀yọ̀ ni ẹ bá pàdé: ní ọjọ́ náà, ẹ kò gbọ̀dọ̀ wọ bàtà lọ sójú ọ̀nà Ẹ̀yọ̀, ẹ kò gbọ̀dọ̀ mu sìgá, obìnrin kò sì gbọ̀dọ̀ di irun ṣùkú. Ọ̀pá òpáǹbàtà tó wà lọ́wọ́ wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Freedom Park ni ibi tí mo máa ń ní kí àwọn èèyàn jókòó sinmi, kí wọ́n sì jẹun, nítorí pé igi wà níbẹ̀, àwọn olóúnjẹ wà níbẹ̀, ariwo ọkọ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Ẹ̀wọ̀n ni. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ síbẹ̀ láyé ìjọba wọn, amọ̀ àti koríko ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é, àmọ́ àwọn ará ìlú tí inú ń bí ń ju iná lu òrùlé rẹ̀, títí tí wọ́n fi kó bíríkì wá láti Ìlú Ọba ní ọdún 1885. Wọ́n wó o ní ọdún 1979, ilẹ̀ náà sì wà bẹ́ẹ̀ títí tí ayàwòrán ilé Theo Lawson fi sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2010 nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún. Bí ẹ bá rìn dáadáa, ẹ máa rí ipasẹ̀ àwọn yàrá ẹ̀wọ̀n. Ẹ nà ọwọ́ méjèèjì láàárín ọ̀kan, kí ẹ mọ bó ṣe fẹ̀ tó. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ọ̀daràn tẹ́lẹ̀ ni pèpéle tí àwọn olórin ti ń kọrin lónìí.

Herbert Macaulay ṣe ẹ̀wọ̀n, ó sì tún padà ṣe é. Ní ọdún 1928, ohun tó jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kòó tí ìjọba amúnisìn ti rọ̀ lóyè ni wọ́n fi mú un. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, torí pé ibi tí ẹ ń lọ lẹ́yìn oúnjẹ ní í ṣe pẹ̀lú ìdílé rẹ̀. Abigail, ìyá Macaulay, ni ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Thomas Babington Macaulay, bàbá rẹ̀, ló dá ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, CMS Grammar School, sílẹ̀ ní Broad Street yìí kan náà ní ọdún 1859. Bàbá ìyá rẹ̀ wà nínú kàtídírà tó kọjú sí ọ̀sà ní Marina. Nínú ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ ti rin ìran mẹ́ta já: ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú tó padà wá di bíṣọ́ọ̀bù, àna rẹ̀ tó di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó di ẹlẹ́wọ̀n nítorí pé kò fẹ́ kí òyìnbó gàba lórí ìlú.

Cathedral Church of Christ, Marina, kò ní í fi ara pamọ́ fún yín. Ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, Prince of Wales, fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1925, ayàwòrán ilé Bagan Benjamin ló yà á, ọdún 1946 ni wọ́n sì tó parí rẹ̀. Ajayi Crowther kú ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891, itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé egungun rẹ̀ wá síbí. Ẹ pa ohùn fóònù, kí ẹ kí àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀, kí ẹ sì béèrè ibi tí ìrántí bíṣọ́ọ̀bù wà. Bí ẹ bá bá àwọn akọrin níbi tí wọ́n ti ń dánra wò pẹ̀lú dùùrù, ẹ jókòó. Ilé ìjọsìn yìí ni Ekundayo Phillips ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ọ̀gá orin, tó sì ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá bí a ṣe ń kọ orin ìsìn láìpa ohùn èdè wọn lára.

Láti ibẹ̀, ẹ wọ òpópónà Kakawa. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán ojú ọ̀nà inú fóònù nìkan; ẹ kí ìyá tó ń ta ọjà kí ẹ tó béèrè, "Ẹ kú ọjà o, màmá, ẹ jọ̀ọ́, ilé Da Rocha dà?" Ẹni tó bá kí ni wọ́n máa ń fọ̀nà hàn dáadáa. João Esan da Rocha, Àgùdà tó ti Brazil padà wá, ló kọ́ Ilé Omi, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Water House, ó sì gbẹ́ kànga síbẹ̀ tó ń ta omi rẹ̀ fún ará ìlú nígbà tí omi ẹ̀rọ kò tíì sí. Candido, ọmọ rẹ̀, di olówó tí gbogbo Èkó ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ wo iṣẹ́ bíríkì, fèrèsé tó rí bí ọrun, àti ọ̀ṣọ́ sìmẹ́ǹtì lára ògiri: ọwọ́ àwọn bíríkìlà Àgùdà tó kọ́ṣẹ́ ní Bahia ni. Ilé àwọn èèyàn ni, kì í ṣe mùsíọ́ọ̀mù, nítorí náà ẹ dúró síta bí ẹnikẹ́ni kò bá pè yín wọlé.

Ní gbàgede Tinúbú, ẹ máa rí ère Ìyáàfin Ẹfúnróyè Tinúbú, obìnrin oníṣòwò tó fi owó àti ọgbọ́n dá sí ọ̀rọ̀ oyè Èkó títí tí wọ́n fi lé e lọ sí Abẹ́òkúta, tó sì di Ìyálóde níbẹ̀. Mo máa ń tọ́ka sí àyíká ibẹ̀ fún àlejò pé ibí ni ilé Ìlọ́jọ̀ wà, ilé Àgùdà tí ìdílé Fernandez kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1855, tí ìjọba kéde ní ọdún 1956 pé ó jẹ́ ohun ìrántí gbogbo orílẹ̀-èdè. Wọ́n wó o lulẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Òfin kò gbà á, àkọlé ara ògiri kò gbà á. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá ní òun máa wá wo àwọn ilé yìí tí òun bá fẹ̀yìn tì, pé kó wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mọ́ṣáláṣí Ṣítà-Bey ní Martins Street ni ẹ máa wò kẹ́yìn. Mohammed Shitta, ọlọ́rọ̀ oníṣòwò, ló fi owó rẹ̀ kọ́ ọ, João Baptista da Costa tó jẹ́ Àgùdà ló darí iṣẹ́ náà, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894. Sultan ilẹ̀ Turkey rán Abdullah Quilliam, Mùsùlùmí òyìnbó láti Liverpool, wá síbi ayẹyẹ náà, ó sì fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá. Ẹ wo iwájú ilé náà dáadáa, kí ẹ sì fi í wé Ilé Omi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ọwọ́ kan náà ni. Bíríkìlà tó kọ́ṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Brazil ló wá kọ́ mọ́ṣáláṣí fún ọmọ Sàró ní ojú Òyìnbó, kò sì sí ẹni tó rí i bí ohun àjèjì. Bí kò bá jẹ́ àkókò ìrun, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀, ẹ bọ́ bàtà, kí obìnrin borí, kí ẹ sì wọlé.

Inú ọjà ni ẹ wà báyìí, nítorí náà ẹ gbé báàgì síwájú àyà, kí fóònù má ṣe wà lọ́wọ́. Marina kò jìnnà mọ́ láti ibẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ máa ń dà sí ibùdó láti nǹkan bí aago mẹ́rin, ìlà á sì gùn, torí náà ó sàn kí ẹ ti wọ ọkọ̀ ṣáájú wọn, tàbí kí ẹ jókòó sétí ọ̀sà títí ìgbòkègbodò wọn á fi rọlẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ti mọ àkókò ọkọ̀ tó kẹ́yìn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tíì dun lè bọ́ sílẹ̀ ní ibùdó tó tẹ̀lé Marina, kó wo gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ nítorí FESTAC ọdún 1977, tó rí bíi fìlà sójà, tó sì ti ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká láti ọdún 2024. Ẹni tó bá ti rẹ̀ lè wò ó láti ojú fèrèsé ọkọ̀.